Bàálù Tí Kì Í Mu Epo

Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Bàálù tí mo ń wà kì í mu epo. Kò ní ẹ́ńjìnnì rárá, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e. Síbẹ̀, láti September sí December ọdún 2024, owó epo tí mo ná lé e lórí tó ohun tí n kò lè jẹ́wọ́ rẹ̀ lójú pálí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nítòsí wa níta ọgbà á rántí jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré kan, I-better-pass-my-neighbour, tó máa ń ké lẹ́yìn fèrèsé lálẹ́ ọjọ́ Sunday. Èmi ni. Ẹ má bínú.

Eré orí kọ̀ǹpútà kan ló fà á, Condor lorúkọ rẹ̀. Slovenia ni wọ́n ti ṣe é, ọdún 2005 ló kọ́kọ́ jáde, ẹ̀dà kejì tẹ̀ lé e ní 2018. Bàálù tí òyìnbó ń pè ní glider la ń wà níbẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnì kan péré ló ń jókòó sínú rẹ̀. Bàálù ẹlẹ́ńjìnnì á fi okùn fà á gòkè, á tú u sílẹ̀, ó tán. Bó bá wà ní kìlómítà kan sókè, ó lè rìn tó kìlómítà 40 síwájú kó tó kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà ló ń lọ ní gbogbo ìgbà, àfi bó bá kan afẹ́fẹ́ tó ń gòkè, tó sì ń yí po nínú rẹ̀ bí ẹyẹ. Kì í ṣe eré ọmọdé o. Ní 1972, ará Jámánì kan, Hans-Werner Grosse, fi irú bàálù bẹ́ẹ̀ rin ohun tó lé ní kìlómítà 1,460 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, láti Jámánì dé etíkun Faransé. Ìyẹn ju Èkó sí Kánò lọ dáadáa.

Ọ̀rẹ́ mi tí à ń pè ní Ẹńjìníà ló ni laptop àti joystick, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lókè òkun ló ra eré náà fún un. Èmi tí mò ń ka Yorùbá, kí ló kàn mí? Ó ní kí n kàn jókòó wò ó. Mo wò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo gba joystick lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rí i gbà padà mọ́.

Aago mẹ́jọ alẹ́ ni ìdíje. Nígbà òtútù wọn, aago Slovenia àti tiwa bára mu, kò sí pé ẹnì kan ń dìde lóru. Àwa bí ogún á pàdé ní pápá Lesce, létí adágún Bled, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó pọ̀ jù jẹ́ àgbàlagbà tó ń wa ojúlówó glider, tí òjò dídì kò jẹ́ kí wọ́n gòkè. Ẹnì kan kọ̀wé bi mí pé pápá wo ni mo ti ń fò ní Nàìjíríà. Mo ní Isolo-Opin. Ó ní òun kò gbọ́ ọ rí. Ìyẹn kò dùn mí, ọ̀pọ̀ ará Ìlọrin gan-an kò gbọ́ ọ rí.

Bí eré náà ṣe rí nìyí: a ó kọjá ìlà ìbẹ̀rẹ̀, a ó lọ yípo ibi tí wọ́n yàn fún wa, bóyá Bovec lẹ́yìn òkè, a ó padà wá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni máàkì tó pọ̀ jù. Ẹ̀rọ kan wà nínú bàálù tó ń ké pí-pí-pí bí o bá ń gòkè, bí o bá ń rẹlẹ̀ á máa kérora. Oògùn ibẹ̀ ni kí o mọ ìgbà tó yẹ kí o fi afẹ́fẹ́ tó ń gbé ọ sílẹ̀ kí o lọ wá òmíràn. Paul MacCready, ará Amẹ́ríkà tó borí nínú ìdíje àgbáyé 1956, fi ìṣirò ṣàlàyé rẹ̀: bí èyí tí o rò pé o máa bá níwájú bá ṣe lágbára tó ni kí o ṣe sáré tó. Èmi kì í fẹ́ lọ. Bí mo bá ti rí ibi tó ń gbé mi, mo ti ń kọ́lé síbẹ̀. Màá máa yí, màá máa yí, títí àwọn yòókù á fi di èèrà níwájú. Tí mo bá wá fẹ́ lé wọn, màá sáré kọjá agbára mi, màá sì balẹ̀ sínú oko olóko. Ìgbà míì, íntánẹ́ẹ̀tì wa á ṣe bó ṣe máa ń ṣe, bàálù àwọn ẹlòmíràn á máa fò tọ́-tọ́-tọ́ lójú mi bí ọ̀pọ̀lọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ibi owó. Màámi ti fi ₦25,000 ránṣẹ́ ní ìparí August, pé kí n fi wọkọ̀ wálé wá gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá mi, kí n sì fi èyí tó kù tẹ̀ ẹ́. Orin ọdẹ ni mò ń kọ̀wé lé lórí. Ẹ mọ bí epo ṣe dà: kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ ní May 2023, lítà kan kò tó ₦200, ní October 2024 ó ti lé ní ₦1,000. Lítà méjì lọ́jọ́ Sunday, méjì lọ́jọ́ Wednesday tí à ń dánra wò, dátà lọ́tọ̀. Ẹńjìníà ní òun ti mú laptop sílẹ̀, kí èmi mú epo. Kò purọ́. Gbogbo ìgbà tí Màámi bá pè, mo ní ẹ̀kọ́ ni kò jẹ́ kí n wá, tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

December ni mo délé. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, ọyẹ́ ti dé, wọ́n ń sun igbó lápá ọ̀nà Òsì. Àwa méjèèjì wà lóko, Màámi ń ṣa igi, ó ní, "Àjàní, gbé ohùn tí o gbà yẹn sí i kí n gbọ́."

Mo ní n kò tíì gba nǹkan kan.

"Owó ńkọ́?"

"Mo fi ra epo, Màámi."

"Epo kí ni? O ra mọ́tò ni?"

Mo ní bàálù ni, ti orí kọ̀ǹpútà. Mo ṣàlàyé, mo là á mọ́lẹ̀, títí mo fi dé orí pé kò ní ẹ́ńjìnnì. Ó gbé igi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Bàálù tí kò ní ẹ́ńjìnnì, o wá ń ra epo sí i?"

Ẹ wò ó, n kò rí èsì. Láti October ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wà nílẹ̀, n kò rí i.

"Kí ló wá ń gbé e?"

"Afẹ́fẹ́ ni, Màámi."

Ó fi ẹnu júwe òkè. "Bí i tìyẹn?" Àwòdì mẹ́ta ló ń yí lókè èéfín, wọn kò ju apá. Ó ní, "Ooru ilẹ̀ ló ń gbé wọn. Wò ó, wọn kì í dúró sórí iná gan-an, apá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbé èéfín lọ ni wọ́n máa ń wà. Kó tó rẹ̀ wọ́n níbẹ̀, wọ́n ti lọ." Ooru ilẹ̀. Láti September ni mo ti ń wá ohun tí Yorùbá lè pe nǹkan yẹn, èmi akẹ́kọ̀ọ́ èdè. (Ẹyẹ tí wọ́n fi sọ eré náà lórúkọ, irú igún ńlá kan ni ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ìwádìí tó jáde ní 2020 sọ pé ọ̀kan nínú wọn fò ju wákàtí márùn-ún lọ, kìlómítà bí 172, kò ju apá lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún un, mo rí ojú rẹ̀, mo pa ẹnu mọ́.)

"Ṣé wọ́n ń fún ẹni tó bá borí lówó?"

"Rárá, Màámi."

"Kí ni wọ́n ń fún un?"

"Wọn kì í fún un ní nǹkan kan."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa igi. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. "Bàbá Ọlọ́dẹ ti lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì November. Ó bèèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ọmọ tó fẹ́ gba ohùn òun dà."

Bàbá Ọlọ́dẹ ni mo kọ sí òkè pátápátá nínú ìwé tí mo fún olùkọ́ mi. Mo ṣírò ọ̀sẹ̀ náà lọ́kàn mi. Ipò kọkànlá ni mo ṣe lọ́jọ́ Sunday yẹn, ó dára jù nínú gbogbo èyí tí mo ti ṣe, inú mi dùn débi pé a ra búrẹ́dì àti mílíìkì.

A kò bára wa sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi délé. Nígbà tí mo ń di ẹrù láti padà, mo bá ₦10,000 nínú ọ̀rá nísàlẹ̀ báàgì mi, ₦200, ₦500, owó ọjà, ó ṣì ń rùn gààrì. Owó àjọ rẹ̀ ni, mo mọ̀ ọ́n. N kò lọ lọ́jọ́ náà. Mo dúró fún ọ̀sẹ̀ kan sí i, mo fi fóònù gba ohùn ọdẹ méjì tó kù. Ọ̀kan ti ń gbàgbé. Bó bá dé ibì kan á dákẹ́, á ní, "Ibí yìí, Bàbá Ọlọ́dẹ ló mọ̀ ọ́n."

Ní January, Ẹńjìníà ní ká fò lẹ́ẹ̀kan péré, epo ìkẹyìn wà nínú jẹ́nẹ́rétọ̀. Mo jókòó. Mo ń wá ẹ̀gbẹ́ òkè tí oòrùn ń pa, mo ń wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, bí pí-pí-pí náà bá ti ń falẹ̀, mo ti lọ. A yípo Bovec, mo wà ní ipò kẹrin. Ó ku kìlómítà 14 sí Lesce, mo wà ní mítà 600 lókè ilẹ̀ pápá náà, kò sí ohun tó tún kù jù kí n tọ́ imú rẹ̀ síwájú. Jẹ́nẹ́rétọ̀ kọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó tún kọ́.

Ẹńjìníà ti di gálọ́ọ̀nù mú lẹ́nu ọ̀nà. "Mú owó wá, kíá, ilé epo ṣì ṣí!"

₦10,000 náà kò tíì pé mọ́, ṣùgbọ́n ó wà nínú àpò mi, nínú ọ̀rá rẹ̀. Owó tí màá fi tẹ ìwé ni. Mo ní kó gbé gálọ́ọ̀nù kalẹ̀.

Bátìrì laptop náà ti kú tipẹ́, nítorí náà bí iná ṣe lọ ni Slovenia náà lọ. A jókòó sínú òkùnkùn, ẹ̀fọn ń kùn létí wa. Ẹńjìníà ń bú mi. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó dákẹ́, ó ní kí n gbé ohùn àwọn ọdẹ yẹn sí i kí òun gbọ́. Fóònù mi ṣì ní iná díẹ̀. Mo gbé e sí i.