Igbá Tí Wọ́n Daṣọ Bò

Ilé wa kò jìnnà sọ́jà, ṣùgbọ́n nígbà kan tí mo wà ní kékeré, ọ̀nà yẹn gùn lójú mi ju ọ̀nà Èkó lọ. Ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń yá kásẹ́ẹ̀tì fíìmù ló fà á. Pósítà ló bo ara ògiri rẹ̀, ọ̀kan lé orí èkejì: àjẹ́ tó yọ eyín síta, ejò tó wé mọ́ ọrùn ọmọge, ọkùnrin tí iná ń jó lójú rẹ̀. Gbogbo ìyẹn, mo lè dúró wò wọ́n. Èyí tí mo máa ń fi eré kọjá níwájú rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó ṣe déédéé ojú mi. Igbá kan ni, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú yàrá tí kò sẹ́nì kankan. Wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Létí aṣọ náà, lápá kan, ó pọ́n díẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Irú igbá yẹn wà nílé wa. Inú rẹ̀ ni Ìyá àgbà ń kó èlùbọ́ sí, aṣọ funfun ló sì fi ń bò ó nítorí kòkòrò. Láti ọjọ́ tí mo ti rí pósítà náà, mi ò lè dá wọ ilé ìdáná lálẹ́ mọ́.

Mo ti wo ọ̀pọ̀ pósítà fíìmù abanilẹ́rù láti ìgbà náà, bí ẹni tó ń wá ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ kiri. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú kì í wá ẹ̀rù lọ sọ́nà jíjìn. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ ni wọ́n ń bà jẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ẹ wo ti The Exorcist, fíìmù Amẹ́ríkà tó jáde ní 1973. Bill Gold ló ṣe pósítà rẹ̀. Ọkùnrin kan dúró níwájú ilé kan lóru, ó dé fìlà, ó gbé báàgì lọ́wọ́, dúdú ni gbogbo ara rẹ̀. Àlùfáà ni, wọ́n pè é wá nítorí ọmọbìnrin kan tí ẹ̀mí àìmọ́ ń dà láàmú. A kò rí ọmọ náà. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé yàrá rẹ̀ ló ń tàn bọ̀ wá sórí àlùfáà. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé bí òkùnkùn bá ń bà wá lẹ́rù, ká sá síbi tí iná wà. Níbo la ó wá sá gbà, nígbà tó jẹ́ ibi tí iná wà gan-an ni nǹkan náà wà?

Ti Jaws, fíìmù tó jáde ní 1975, le jù fún mi. Roger Kastel ló kùn ún, fún èèpo ìwé Peter Benchley kó tó di ti fíìmù. Ó ní kí ọmọge kan dùbúlẹ̀ lórí àpótí, kó máa ṣe bí ẹni ń lúwẹ̀ẹ́. Nínú àwòrán, obìnrin náà kéré, ó wà lókè pátápátá, ara rẹ̀ balẹ̀. Omi ló gba ibi tó kù, àkurákudà ńlá sì ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, eyín kún un. Obìnrin náà kò rí i. Àwa rí i. Ó dà bí ìgbà tí o rí ejò lẹ́yìn ọmọdé, tí o fẹ́ ké, tí ohùn rẹ kò jáde.

Àwọn ayàwòrán Gánà gba ọ̀nà mìíràn. Láàárín ọdún 1980 sí 1999, àwọn tó ń gbé fídíò àti jẹnẹrétọ̀ láti ìlú dé ìlú máa ń ní kí wọ́n kun pósítà fún àwọn sórí àpò ìyẹ̀fun tí wọ́n tú, tí wọ́n rán pọ̀. Wọn kì í fi nǹkan kan pamọ́: ẹ̀jẹ̀, ìfun, orí tí wọ́n gé, títí kan ohun tí kò sí nínú fíìmù rárá. Mo fẹ́ràn ọwọ́ wọn dọ́ba. Mo lè wo ọ̀kan fún odidi wákàtí, ibẹ̀ ni mo sì ti mọ̀ pé kò bà mí lẹ́rù tó igbá yẹn: mi ò sá.

Nígbà tí Ìyá àgbà rí i pé mi ò lọ bu èlùbọ́ wá mọ́, kò bá mi wí. Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sídìí igbá, ó ṣí aṣọ, ó ti ọwọ́ mi bọ inú rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ó tutù, ó kúnná.

“Ọkọ mi,” ó ní, “bu ti alẹ́.”

Mo bù ú. Ó daṣọ bò ó padà, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo tún rọra gbé etí aṣọ náà sókè, mo wò ó.