Kí N Tó Lè Ta Gìtá, Gìtá Ló Kọ́kọ́ Ta Mí

Ọmọ ọdún 47 ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ gìtá. Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, àbí? Ẹ rín in dáadáa. Ìyàwó mi náà rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Baba Ìbejì, irú kí ni eléyìí? Àwọn ẹgbẹ́ yín ń ra ilẹ̀, ẹ̀yin ń ra okùn gìtá." Mi ò dá a lóhùn, nítorí òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, pàápàá jù lọ ẹ̀yin tí ẹ ti gbé gìtá rí, tí ẹ sì sọ ọ́ sílẹ̀ kí oṣù kan tó pé. Ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ tèmi náà ni.

Mọ́kọlá n'Íbàdàn ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Télọ̀ ni Bàámi láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n tó bá di alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, á gbé gìtá kọ́ èjìká, á bá ẹgbẹ́ eléré jùjú kan lọ sí òde àríyá. Kì í ṣe ẹgbẹ́ tí òkìkí rẹ̀ kọjá Ìbàdàn. "Jìtá" ni Bàámi máa ń pè é, kò pè é ní gìtá rí. Bó bá jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ìtàn àwọn eléré ló máa ń sọ fún wa: bí Àyìndé Bákàrè ṣe mú gìtá oníná wọ inú eré jùjú ní 1949, bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi oyè MBE dá I. K. Dairo lọ́lá ní 1963; bí Ebenezer Obey ṣe sin Fatai Rolling Dollar kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1964. Lójú Bàámi, ẹni tó bá mọ jìtá í ta ti mọ nǹkan láyé.

Ní 1989, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún 17, mo sọ fún un pé mo fẹ́ kọ́ ọ. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan.

Ẹ wá wo ọkàn tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Eré Sunny Adé ni mo máa ń gbọ́ nínú rédíò, mo sì rò pé tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ méjì, ìka tèmi náà á máa sáré lórí okùn bíi tàwọn onígìtá rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé gìtá kì í fi ọ̀yàyà gba àlejò. Okùn irin ni okùn gìtá Bàámi. Ọwọ́ òsì lèèyàn fi ń tẹ okùn mọ́ ọrùn rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń ta á. Tí o bá tẹ okùn náà fẹ́rẹ́, á máa kùn bí eṣinṣin. Tí o bá tẹ̀ ẹ́ le, á fẹ́rẹ̀ẹ́ gé ọ lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, orí ìka mi ti lé ròrò. Kí n tó lè ta gìtá, gìtá ló ń ta mí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń gba ojú fèrèsé kọjá á máa bi mí pé, ewúrẹ́ ta ni mò ń fún lọ́rùn.

Bàámi ní kí n máa tẹ kọ́ọ̀dù méjì péré, kí n máa ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, fún ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́. Ìṣẹ́jú 15 kẹ̀? Èmi tí mo fẹ́ di ọ̀gá! Màá fi wákàtí mẹ́ta bá a jà lọ́jọ́ kan, màá sì fi ọjọ́ mẹ́rin sá fún un.

Lọ́jọ́ kọkàndínlógún, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà fi mí ṣẹ̀sín lójú àwọn ọmọbìnrin àdúgbò. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù, mo gbé gìtá lé orí tábìlì Bàámi, mo ní, "Bàámi, ẹ gba nǹkan yín. Èmi ò fẹ́ ṣe alágbe."

Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo tó. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ àgbà ló ka eléré sí alágbe, tí wọn ò ní í fọmọ fún un. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àgbà kan ló sọ ọ́ sí Bàámi lọ́jọ́ náà. Èmi ọmọ rẹ̀ ni, èmi tó ń fi owó òde àríyá san owó ilé-ìwé fún. Bàámi ò bú mi. Ó gbé gìtá, ó fi kọ́ ìṣó lára ògiri, ó ń bá aṣọ tó ń rán lọ. Láti ọjọ́ náà, kò fi gìtá lọ̀ mí mọ́.

Ọgbọ̀n ọdún kọjá. Mo kàwé, mo ríṣẹ́ akọ̀wé ìṣirò owó, mo gbéyàwó, a bí ìbejì. Lóṣù kìíní ọdún 2019, nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Bàámi. Apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì kọ̀, wọn ò mì. A dúpẹ́ pé kò mú un lẹ́nu. Ó ń sọ̀rọ̀ já gaara. Ìyá mi ti ṣaláìsí nígbà náà, nítorí náà a gbé Bàámi wá sí ilé wa l'Ágbowó. Gìtá wà lára ẹrù rẹ̀. A fi kọ́ ara ògiri níwájú ibùsùn rẹ̀. Mo máa ń rí i bó ṣe ń wò ó. Ẹni tí kò lè ká ìka ọwọ́ òsì, kí ló fẹ́ fi gìtá ṣe?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi kan, mo gbé e sọ̀ kalẹ̀ láti nu eruku ara rẹ̀. Ọwọ́ mi ṣèèṣì kan okùn. Bàámi sọ̀rọ̀ láti orí ibùsùn: "Okùn kẹta ti wálẹ̀. Fún un díẹ̀. Díẹ̀ sí i. Ó tó!"

Bó ṣe kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mú okùn bára mu nìyẹn. Okùn mẹ́fà ló wà lára gìtá. Tí ẹ bá tẹ èyí tó nípọn jù lẹ́yìn irin karùn-ún tó dábùú ọrùn gìtá, ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ohùn okùn tó tẹ̀ lé e dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ lẹ máa ṣe é lọ títí, àyàfi láti orí okùn kẹta sí ìkejì, tí ẹ ó ti tẹ irin kẹrin. Mo sọ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ gìtá ló máa ń rò pé òun ò ní ẹ̀bùn, nígbà tó jẹ́ pé okùn gìtá rẹ̀ ni kò bára mu. Kò sí ẹ̀bùn tó lè mú ohùn tó dùn jáde lára okùn tó ti tú.

Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀kọ́ nínú àwa méjèèjì. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ, mo tún padà wọ yàrá rẹ̀.

Lákòókò yẹn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan máa ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láti kọ́ Bàámi bí yóò ṣe tún máa lo ọwọ́ òsì. Ó ní kó máa fún tówẹ̀lì tútù, kó máa gbé ife oníke láti orí tábìlì dé ẹnu. Ọkùnrin tó ti fi ọwọ́ yẹn di agbádá àwọn ọlọ́lá mú lábẹ́ abẹ́rẹ́, ẹ wá wo bó ṣe ń bá ife jà! Omi á dà sí i láyà. Àwọn ìbejì á wò mí, èmi á wolẹ̀. Bàámi á bú sẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ bu òmíràn wá." Kò fi ọwọ́ òní wé ọwọ́ ìgbà èwe rẹ̀. Tó bá di alẹ́, á ròyìn fún mi: "Lónìí, àtàǹpàkò mì. Lánàá kò mì." Ó parí nìyẹn. Ó di ọ̀la.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí gìtá fẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ní 1989, ìka kọ́ ló dá mi dúró. Ìtìjú ni, àti ìwàǹwára. Mo ń fi ara mi wé Sunny Adé, dípò kí n fi wé ara mi àná. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìgbà tí àgbàlagbà bá ń kọ́ nǹkan tuntun ni òwe yẹn máa ń ṣẹ sí i lára. Tó bá ṣi okùn tẹ̀, ẹ̀yìn ló máa kọ́kọ́ wò, bóyá ẹnì kan rí i. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ gìtá, kó ṣubú bí ọmọdé. Kó gbà pé òun ò mọ̀ ọ́n, kó gbà kí ohùn náà burú fún ìgbà díẹ̀, kó má bẹ ẹnikẹ́ni pé kó má rẹ́rìn-ín. Ẹ wo àwọn ọmọ Àyàn pàápàá. Inú ilé onílù ni wọ́n bí wọn sí, síbẹ̀ ìyáàlù kọ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìlù kékeré ni wọ́n máa ń gbé lé wọn lọ́wọ́, wọ́n á máa lu ohun kan náà títí yóò fi mọ́ wọn lára.

Nítorí náà, mo padà sí ìṣẹ́jú 15 tí mo kẹ́gàn. Mo gé èékánná ọwọ́ òsì mi. Mo fi kọ́ọ̀dù E kékeré bẹ̀rẹ̀, nítorí ìka méjì péré ló ń gbà. Mo kọ́ láti máa tẹ okùn súnmọ́ ẹ̀yìn irin, níbi tí kò ti ń gba agbára púpọ̀. Mo wá kọ́ G, C àti D. Màá wo aago, màá ka iye ìgbà tí mo lè ti orí C bọ́ sórí G láàárín ìṣẹ́jú kan. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìgbà mẹ́fà ni. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó di ogún. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé mo ti kúrò níbi tí mo wà.

Lẹ́yìn náà ni mo pàdé F. Ẹni tó bá ti kọ́ gìtá mọ ohun tí mò ń wí. Ìka kan ṣoṣo lẹ máa fi dábùú gbogbo okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ ó tún fi mẹ́ta yòókù tẹ ibòmíràn. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò ju kí ó máa dún kọ̀ọ̀-kọ̀ọ̀ lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé gìtá sílẹ̀, mo ní, "Bàámi, ó jọ pé ọjọ́ orí mi ti kọjá nǹkan yìí."

Ó wò mí. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ó tún jẹ́ kó já lulẹ̀ sórí ibùsùn. "Èmi lò ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ orí fún? Rolling Dollar tó kú ní 2013, ṣé kò darúgbó pẹ̀lú jìtá lọ́wọ́ ni?"

Mi ò lè fèsì. Ohun tó ti wà lọ́kàn mi láti ọgbọ̀n ọdún ló bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo dọ̀bálẹ̀. "Bàámi, ẹ forí jì mí. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́sí."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Alágbe."

Ó dákẹ́ pẹ́ títí. "Àlàmú, ìyẹn kọ́ ló dùn mí. Wọ́n ti ń pè mí ní alágbe kí n tó bí ọ. Ohun tó dùn mí ni pé mo ti wo ìka rẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà nígbà tí ò ń jẹun. Awọ ibẹ̀ ti fẹ́ máa le. Kò ju bí ọ̀sẹ̀ kan ló kù."

Ó ní kí n dìde, kí n wá jókòó sí apá òsì òun. A gbé ìdí gìtá lé itan rẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì wà níwájú mi. Ó ní, "Tẹ C." Mo tẹ̀ ẹ́. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún ta okùn. "Bọ́ sí G." Mo bọ́ síbẹ̀. Èmi ń tẹ̀, òun ń ta. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọwọ́ ọ̀tún yẹn ò gbàgbé nǹkan kan! Kọ́ọ̀dù mẹ́ta tí mo ti ń fi ń da ilé láàmú wá di orin jùjú lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀. Ìyàwó mi yọjú láti ilé ìdáná, igbakọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, kò rẹ́rìn-ín.

Ọdún mẹ́ta la fi ṣe é bẹ́ẹ̀ lálaalẹ́. Ọwọ́ òsì Bàámi gbé ife dé ẹnu nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kò tẹ okùn mọ́. Ó kú ní 2022. F dún fún mi lóṣù keje, kó tó lọ. Mi ò tíì di ọ̀gá, mi ò sì lè lọ sóde àríyá. Bóyá kọ́ọ̀dù méjìlá ni mo mọ̀, orin tí mo lè ta délẹ̀ kò pé mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n kò sí alẹ́ tí mi ò jókòó tì í fún ìṣẹ́jú 15 mi.

Kẹ́hìndé ti bẹ̀rẹ̀ báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé gìtá wá bá mi, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó ní, "Dádì, ó ń ta mí. Ẹ jẹ́ kí n sinmi fún ìgbà díẹ̀." Mo ní kó mú ọwọ́ wá. Mo fi àtàǹpàkò mi yẹ ìka rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo ní, "Má tíì gbé e sílẹ̀. Kò ju bí ọ̀sẹ̀ kan ló kù."