Iná Ẹni Ẹ̀yìn

Iná pọ̀ lára mọ́tò, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ti ẹni tó ń wà á. Iná iwájú ni awakọ̀ fi ń ríran lóru. Iná búréèkì ńkọ́? Ti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni. Òun ló fi ń mọ̀ pé a fẹ́ dúró. Bó bá kú, àwa tí a wà lórí ìjókòó kò ní mọ̀. Mọ́tò tó bá ń sáré 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń gba nǹkan bíi mítà 22 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Kí ẹni ẹ̀yìn tó ṣẹ́jú, ó ti dé ìdí ọkọ̀ wa.

Awakọ̀ danfó kan ló ta mí lólobó lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ó sáré bá mi dọ́gba, ó yọrí síta: "Ọ̀gá! Iná búréèkì yín ò tàn rárá o! Ẹ má jẹ́ kí tírélà gun yín lẹ́yìn o!" Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó sọ fún ni pé aṣọ wa ya lẹ́yìn kò bú wa.

Oníná mọ́tò tí mo kọ́kọ́ bá mirí títí, ó ní gbogbo wáyà ló ti bàjẹ́, àfi ká tú u palẹ̀. Owó tó pè bà mí lẹ́rù. Mo ní ó dáa, mò ń bọ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi nítòsí ilé wa ni mo gbà lọ.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ọ̀nà tí iná ń gbà ni kí o máa tọ̀. Láti bátìrì, ó gba inú fúùsì, ó dé súwíìṣì tó wà lókè ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ búréèkì, ó bá wáyà lọ sẹ́yìn, ó wọ gúlóòbù, ó sì gba ara irin mọ́tò padà sí bátìrì. Ibi tí ọ̀nà yẹn bá ti já la ó wá. Ọ̀kan ló kú ni, àbí méjèèjì?"

"Méjèèjì ni, Bàbá."

"Ká ní ọ̀kan ni, gúlóòbù rẹ̀ ni ǹ bá kọ́kọ́ yọ wò. Kì í wọ́pọ̀ kí méjèèjì jó lọ́jọ́ kan náà. Ibi tí ọ̀nà àwọn méjèèjì ti jẹ́ ọ̀kan ni ká wò."

Ó yọ fúùsì wò, kò já. Ó ní kí ọmọṣẹ́ òun lọ máa wo ẹ̀yìn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọ wáyà méjì tó wọ súwíìṣì, ó so wọ́n pọ̀. Ọmọ náà pariwo: "Ó ti tàn, Bàbá!" Súwíìṣì ló kú. Owó tí mo fi ra tuntun kò tó nǹkan kan lára èyí tí ti àkọ́kọ́ pè.

Bàbá tún là mí lóye. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, gúlóòbù kan ló ń ṣe iṣẹ́ méjì: fọ́nrán wáyà tín-ín-rín méjì ló wà nínú rẹ̀, ti iná alẹ́ jẹ́ wáàtì 5, ti búréèkì jẹ́ wáàtì 21. Nítorí náà, pé iná ẹ̀yìn ń tàn lálẹ́ kò sọ pé ti búréèkì yè. Bí a bá tẹ búréèkì tí iná mìíràn ń tàn bàìbàì lẹ́yìn, ibi tí wáyà ti kan irin ló dípẹtà; ká ha á mọ́. Bí iná bá ń tàn láìtẹ búréèkì, súwíìṣì ló yẹ̀, tàbí rọ́bà kékeré tó ń tì í ló jábọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, bátìrì lè ti kú. Bí fúùsì tuntun bá tún jó, wáyà kan ló bó tó ń kan irin níbì kan, pàápàá níbi tó ti ń ká lẹ́nu bùútù. Ẹ má fi bébà dídán inú páálí sìgá dípò fúùsì o! Fúùsì ń jó kí mọ́tò má baà jó ni.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò ná ni ní kọ́bọ̀. Lálẹ́, ẹ fi ẹ̀yìn mọ́tò kọ ara ògiri, ẹ tẹ búréèkì, ẹ wo dígí. Bí ògiri bá pọ́n sí i, ara iná le. Bí ẹ bá ní kí ọmọ wò ó fún yín, ẹ̀gbẹ́ ni kó dúró sí, kì í ṣe ìdí mọ́tò.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988 lè mú ni nítorí iná yìí, ṣùgbọ́n ẹ má torí tiwọn tún un ṣe. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, a kò mọ̀ ọ́n. Ó lè jẹ́ ọlọ́kadà tó gbé ìyá ọlọ́mọ. Kò sí bí a ṣe lè bá a sọ̀rọ̀ bí kò ṣe iná pupa yẹn. Gbèsè tí a jẹ ẹ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká san án kí a tó kúrò nílé.