Láti Ọ̀fàdà dé Igbó Erin

Ojú mi rí nǹkan! Ní ìrọ̀lẹ́ ni èmi àti àbúrò mi gbé bọ́ọ̀sì kúrò ní Ọ̀fàdà, ẹní àti ìrẹsì wà lẹ́yìn rẹ̀ (ọmọ Ọ̀fàdà kì í rìn láìgbé ìrẹsì). A kọjá Ìjẹ̀bú-Òde tán ni ìjì wó igi dí ọ̀nà. Àbúrò mi ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí a padà.” Mo kọ̀, inú ọkọ̀ ni a sùn.

Nígbà tí wọ́n gé igi náà kúrò, a dé igbó Ọmọ, tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní 1925. Ẹ̀ṣọ́ kan fi ojú ẹsẹ̀ erin hàn wá, omi òjò kún inú rẹ̀. Erin gan-an ńkọ́? A kò rí i. Ariwo ẹ̀rọ agégi ni a ń gbọ́ lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ̀ṣọ́ náà mi orí, kò sọ̀rọ̀.