Ilé Onílé Ni Odò

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ọmọ tí a bá kọ́ dáadáa mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé onílé. Yóò bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, yóò kí àgbà, kò ní ṣí ìkòkò ọlọ́bẹ̀ wò, kò sì ní ju èèpo ọsàn sí ààrin pálọ̀. Èmi náà rò pé mo ti kọ́ àwọn ọmọ mi ní gbogbo èyí tán, àfi ọjọ́ tí mo kó wọn lọ wo odò Ọ̀ṣun ní Òṣogbo nígbà ìsinmi ilé-ìwé. Kí a tó dé ẹnu ọ̀nà igbó Ọ̀ṣun, èyí àbúrò mu píọ̀ wọ́tà rẹ̀ tán lórí afárá gọ́tà kan, ó sì ju ọ̀rá rẹ̀ sísàlẹ̀. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ìṣojú mi ló ṣe é, èmi gan-an ò sì rí nǹkan tó burú níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n tó máa mú wa rìn ló rí i. Kò bá ọmọ wí. Ó ní, "Àbúrò mi, ilé ẹnì kan la fẹ́ wọ̀ yìí. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí àwọn tó kọ́kọ́ débẹ̀ ṣe wọlé fún ọ."

Nígbà tí a dé etí omi, ó sọ ìtàn tí gbogbo ọmọ Òṣogbo mọ̀: bí Láróòyè àti Olútìmẹ́hìn ọdẹ ṣe kúrò ní Ìpólé nítorí ọ̀dá omi, tí wọ́n wá tẹ̀dó sí etí Ọ̀ṣun. Bí wọ́n ti ń ṣán igbó, igi kan wó lu odò, ohùn òrìṣà Ọ̀ṣun sì ké jáde láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo tó gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún òbí. Àwọn tó wá omi wá ò mọ̀ pé ilé ẹnì kan ni àwọn wà. Wọn ò rí ìkòkò kankan. Igi lásán ni wọ́n rò pé àwọn gé.

Ẹ̀gbọ́n wa wá ní kí àwọn ọmọ lóṣòó sábẹ́ igi, kí wọ́n má sọ̀rọ̀ títí òun yóò fi ní kí wọ́n dìde. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń nira tó fún ọmọ láti dákẹ́. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, àwọn onílé bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Lámilámi bà lé orí koríko. Abẹ́ omi ni ọmọ rẹ̀ ń gbé kó tó yọ ìyẹ́, ibẹ̀ ló ti ń ṣọdẹ ọmọ ẹ̀fọn jẹ. Alákàn yọ ojú láti inú ihò rẹ̀ ní bèbè. Ọ̀bọ kan ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Ẹ̀gbọ́n wa fi gbòǹgbò igi tó wọnú omi hàn wá, ó ní òun ló di bèbè mú tí àgbàrá ò fi wó o, ààrin rẹ̀ sì ni ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí. Òjìji igi ń mú kí omi tutù. Ewé tó bá já bọ́ sínú rẹ̀ ń di oúnjẹ kòkòrò àti edé, àwọn yẹn ń di oúnjẹ ẹja. Ọmọ mi obìnrin, èyí ẹ̀gbọ́n, wò ó títí, ó ní, "Màámi, ìkòkò aró yẹn rèé."

Díẹ̀ ló kù kí igbó yìí má sí mọ́. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, wọ́n ti ń gé igi ibẹ̀ láti gbin tíìkì, àwọn kan ń dọdẹ, àwọn kan ń pẹja, wọ́n sì ń jí ère kó. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Ọ́síríà tó dé Nàìjíríà ní 1950, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, dúró ti igbó náà pẹ̀lú àwọn olórìṣà àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bí Adébísí Àkànjí àti Bùràímọ̀ Gbàdàmọ́sí. Wọ́n tún àwọn ojúbọ kọ́, wọ́n gbé ère kalẹ̀, kí ẹni tó bá gbé àáké dé lè mọ̀ pé ibẹ̀ ní olúwa. Ní 1965 ìjọba sọ ibẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, ní 1992 wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé hẹ́kítà 75, ní 2005 ni UNESCO kà á mọ́ ogún àgbáyé. Títí dòní, èèwọ̀ ni ẹja pípa, ọdẹ ṣíṣe àti igi gígé níbẹ̀. Nígbà tí àáké sinmi, igbó tún ara rẹ̀ ṣe.

Ṣùgbọ́n omi tí a rí lọ́jọ́ náà ò mọ́. Ó rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ọmọ mi obìnrin bi ẹ̀gbọ́n wa pé ta ló da ẹrẹ̀ sí i, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń gé igi níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n wa nawọ́ sí òkè odò. Ìgèdè-Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti sun, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kó tó dé Òṣogbo. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà yìí ni àwọn tó ń wa wúrà ti ń hú ilẹ̀, tí wọ́n ń fọ̀ ọ́ sínú àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn wọ Ọ̀ṣun. Ẹrẹ̀ náà ń bo ẹyin ẹja mọ́lẹ̀, ó sì ń dènà oòrùn fún ewéko inú omi. Mákúrì tí àwọn kan fi ń kó wúrà jọ tún burú ju ẹrẹ̀ lọ, nítorí ara ẹja ló máa ń gbà dé inú ọbẹ̀ wa. Láti Òṣogbo, omi kan náà ń lọ sí ìdídò Asẹ́jìrẹ́, tí Ìbàdàn ti ń rí omi mu, kó tó ṣàn lọ sí ọ̀sà Lẹ́kí. Hẹ́kítà 75 tí a dáàbò bò kò lè gba odò tí wọ́n ti bà jẹ́ lókè sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú wa yóò ní ibi ìbọ ni, òun ò lè mú ọmọ òun débẹ̀. Èmi náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n a kì í da ìdọ̀tí sí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò nítorí pé ẹ̀sìn rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Ọ̀wọ̀ la lọ kọ́. Bí ọkàn yín ò bá sì gbà á, kò sí ìlú tí kò ní odò tirẹ̀. Ẹ wá àgbàlagbà tó mọ ibẹ̀ dáadáa, apẹja tàbí olùkọ́, kó mú yín rìn. Ẹ lọ ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn tí omi ò kún. Ẹ wọ bàtà fún ọmọ, ẹ má sì jẹ́ kó wọ inú omi tí kò ṣàn, nítorí kòkòrò tó ń fa ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ máa ń gbé inú ìgbín kéékèèké tó wà níbẹ̀. Kó jókòó, kó dákẹ́, kó ka iye onílé tó bá rí. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, odò sì wà lára ilé tí a ó fi sílẹ̀ fún wọn.

Nígbà tí à ń padà, àbúrò sáré lọ sórí afárá gọ́tà náà, ó ń wá ọ̀rá rẹ̀. Kò sí níbẹ̀ mọ́. "Màámi, ibo ló lọ?" Mo nawọ́ sí apá ibi tí a ti ń bọ̀. Ó wo ibẹ̀, ó wò mí, kò sì sọ nǹkan kan. Àpò ṣòkòtò rẹ̀ ló ń kó ọ̀rá sí báyìí títí yóò fi délé. Bí mo bá fẹ́ fọ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀, mo ní láti kọ́kọ́ yọ wọ́n jáde.