Ajá Tí A Fi Ìkánjú Kọ́: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Rí Kọ́ Ní Akotogbo

Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Òkìtìpupa, tó gba Òde-Ìrèlè kọjá, tó sì kọjú sí ìlà-oòrùn, yóò rí i pé bí ọ̀nà ti ń lọ ni igbó ń dí sí i. Oko ọ̀pẹ nìyí, oko rọ́bà nìyẹn, oko ẹ̀gẹ́ sì wà láàárín wọn. Apá ibẹ̀ ni Akotogbo wà, ìlú Ìkálẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrèlè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí ilẹ̀ Ẹdó kò sì jìnnà sí i. Bí àlejò bá wọ̀lú ní ìrọ̀lẹ́, òórùn púpurú tí àwọn ìyá ń fi èéfín yan ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Ohun kejì tí yóò pàdé ni ajá.

Ajá ibẹ̀ kì í ṣe ajá ọ̀ṣọ́. Ajá ọdẹ ni, tó ń lé ọ̀yà, òkété àti ẹtu. Wọ́n a so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn kí ọdẹ lè máa gbọ́ ibi tó wà bí igbó bá gbé e mì. Láàárọ̀ kùtùkùtù, mo máa ń rí bàbá ọdẹ kan tí ajá mẹ́ta ń tẹ̀ lé lẹ́yìn láìsí okùn. Bí ó bá fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á yí padà. Ó wù mí púpọ̀. Mo ní èmi náà yóò ní tèmi.

Ẹ̀yin òǹkàwé, olùkọ́ ni mí. Mo rò pé ẹni tó ti kọ́ ọmọ ènìyàn kò ní ṣe aláìmọ bí a ti ń kọ́ ọmọ ajá. Mo ra ọ̀kan tí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ, mo sọ ọ́ ní Sùúrù, mo sì ya ìwé àkókò ẹ̀kọ́ fún un bí ẹni ya ti kíláàsì. Ọjọ́ Ajé, jíjókòó. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wíwá bí a bá pè é. Ọjọ́rú, títẹ̀ lé mi nínú okùn. Ìdajì wákàtí láàárọ̀, ìdajì wákàtí nírọ̀lẹ́, pàṣán sì wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, bí mo bá ti pe orúkọ rẹ̀, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á sì tọ̀ sílẹ̀. Mo pè é ní olóríkunkun.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo pè é, ó bẹ́ sínú igbó. Òru méjì ni kò wálé. Àwọn ọmọ iléèwé bá mi wá a títí, wọn kò rí i. Bàbá ọdẹ náà ló gbé e wá ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀gún ti ya etí rẹ̀.

Mo ní, “Bàbá, ẹ ṣeun o. Àwọn àgbà kúkú ti wí pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Tíṣà, fèrè wo lo fọn fún un? Pàṣán ni ìwọ ń fọn. Ajá yìí gbọ́ ọ dáadáa, ìdí nìyẹn tó fi sá.”

Ojú tì mí. Bàbá jókòó, ó sì là mí lóye. Ó ní ní oṣù àkọ́kọ́, òun kì í kọ́ ọmọ ajá ní ohunkóhun ju fèrè lọ. Bí òun bá fẹ́ gbé oúnjẹ kalẹ̀, òun á fọn ọ́n, ó tán. Nígbà tí ọmọ ajá bá ti mọ̀ pé ohun dídùn ló ń bọ̀, òun á lọ fọn ọ́n ní ìdí ògiri kejì, lẹ́yìn náà ní òpin àgbàlá. Bí ó bá kùnà, òun á padà sí ibi tó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Okùn ọrùn, òun á so ó sílẹ̀ fún un kí ó máa wọ́ ọ kiri fúnra rẹ̀ kí òun tó dì í mú. Kò sí wíwọ igbó jíjìn àfi ìgbà tó bá tó oṣù mẹ́fà, ajá àgbà ni yóò sì mú un lọ. Ó ní, “Dá a dúró nígbà tó ṣì ń fẹ́ sí i. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, ohun burúkú ló ń kọ́.”

Mo lọ wádìí ọ̀rọ̀ Bàbá nínú ìwé, mo sì rí i pé àwọn onímọ̀ ń tọ ọ̀nà kan náà. Ojú ọmọ ajá máa ń là ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta títí dé nǹkan bí ìkejìlá sí ìkẹrìnlá ni ọkàn rẹ̀ ṣí jù lọ láti mọ ènìyàn àti ayé tó yí i ká. John Paul Scott àti John Fuller, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí ajá ní Amẹ́ríkà, kọ èyí sínú ìwé wọn ní 1965. Ọmọ ajá tí kò bá rí ènìyàn rárá ní àkókò náà, ẹ̀rù ènìyàn kì í fẹ́ tán lára rẹ̀ mọ́. Ní 2011, àwọn olùwádìí ní Dẹ́ńmáàkì kọ́ ajá mẹ́rìnlélógójì ní iṣẹ́ kan náà. Àwọn tí wọ́n kọ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀méjì lọ́sẹ̀ fi ìjókòó ẹ̀kọ́ tó kéré mọ iṣẹ́ náà ju àwọn tí wọ́n ń kọ́ lójoojúmọ́ lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ajá, ẹ jẹ́ kí ó fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Láti ìgbà náà dé oṣù mẹ́ta, kí ó mọ orúkọ rẹ̀, kí ó mọ̀ ọ́n wá, kí ó sì rí ewúrẹ́, ọ̀kadà àti ọmọdé láìsí ìbẹ̀rù. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún tó fún ẹ̀kọ́ kan. Ẹja gbígbẹ díẹ̀ ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, jíjókòó, dídúró àti rírìn nínú okùn lè tẹ̀ lé e. Ní oṣù mẹ́ta yìí kan náà ni kí ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran-ọ̀sìn fún abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ìṣirò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń lò ni pé àrùn yìí ń pa nǹkan bí 59,000 ènìyàn lọ́dọọdún, àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15 sì tó mẹ́rin nínú mẹ́wàá wọn.

Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi tún ohun tí mo bàjẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe. Nísinsìnyí, bí mo bá fọn fèrè, Sùúrù á sáré wá, ìrù rẹ̀ á máa jù. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣèèṣì gbé ọwọ́ sókè láti ṣí fèrèsé, á ṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé kan, mo gbé ọwọ́ sókè láti kọ nǹkan sójú pátákó, mo sì rí ọmọ kékeré kan ní ìjókòó iwájú tó yára fi apá bo orí. Mo mọ ìbẹ̀rẹ̀mọ́lẹ̀ yẹn. Pàṣán mi ti kúrò ní kíláàsì láti ọjọ́ náà. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí tí ẹ ń tajà lọ́jà, kí a tó pe ọmọ ní olóríkunkun, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa léèrè: fèrè wo ni a fọn fún un?