Okùn Mẹ́rin Inú Purotéènì

Bí purotéènì ṣe ń ṣẹ́ po ni iṣẹ́ mi dá lé. Ajégúnlẹ̀ ni mò ń gbé, orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń ṣe é. Aládùúgbò mi kan tó ń wọkọ̀ ojú omi lọ ṣiṣẹ́ ní Snake Island, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ òkun ṣe, bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, kí lèyí ń ṣe fún èèyàn?"

Okùn ọkọ̀ ni mo fi ṣàlàyé fún un, torí bí okùn ni purotéènì ṣe rí. Ṣẹ́ ẹ lọ sókè, wá sílẹ̀, padà sókè, kí ìlà mẹ́ta tò síra wọn. Wá gbé e gba òkè kọjá, kí ìlà kẹrin sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kìn-ín-ní. Ìṣẹ́po yìí là ń pè ní Greek key.

Ní 1951, Linus Pauling àti Robert Corey ṣàlàyé bí okùn purotéènì ṣe ń tò síra wọn di beta sheet. Ní 1977, Jane Richardson fi hàn pé ìṣẹ́po Greek key ń jẹ yọ léraléra nínú onírúurú purotéènì. Kò gboyè ọ̀mọ̀wé kó tó ṣe é. Ní 1981, ó fọwọ́ yà wọ́n bíi ríbọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ náà la ṣì ń yà wọ́n títí dòní. Mo bọ̀wọ̀ fún obìnrin yẹn gidigidi. Inú ìwé la ti ń wo àwòrán nígbà tí mo wà nílé ìwé. Láti 2021, AlphaFold, ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ bí purotéènì ṣe máa ṣẹ́ po, ti gbé àwòrán tirẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Nínú àwọn purotéènì tó ní ìṣẹ́po yìí, èyí tó ń jẹ́ transthyretin ló kàn wá jù. Ó ń gbé hòmóònù tárọ́ìdì kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹyọ mẹ́rin ló so pọ̀ di odindi, ìṣẹ́po Greek key ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Amino acid tó ń jẹ́ valine ló máa ń wà ní ipò 122 nínú okùn rẹ̀, àmọ́ àwọn kan tó ṣẹ̀ wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jogún isoleucine níbẹ̀. Nínú aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, nǹkan bí 3 sí 4 nínú 100 ló ní i. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n lára ẹlòmíì tó ti lé ní 60, àwọn ẹyọ yẹn á tú, wọ́n á ṣẹ́ po ní ìṣẹ́kúṣẹ̀ẹ́, wọ́n á ṣù sínú iṣan ọkàn. Ẹsẹ̀ á wú, èémí á máa há, àwọn ará ilé á rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru lásán ni.

Ní 2019, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn tafamidis fún àìsàn ọkàn yìí. Ààyè tí hòmóònù ń jókòó sí ni oògùn náà ń wọ̀, tí á fi di ẹyọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú kí wọ́n má tú. Àwòrán purotéènì náà ló jẹ́ ká rí ààyè yẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé oògùn ọ̀hún wọ́n kọjá agbára àwọn àgbà wa.